Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Àfọwọ́yí àti Àwọn Tí Ń Fọ Aṣọ

Nínú gbogbo iṣẹ́ ilé tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ń ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bóyá ni ọ̀kan wà tí ó sú wọn tó aṣọ fífọ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyàwó ilé tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò ti dá iná, tí yóò sì ti máa pọn omi láti inú kànga tàbí láti ìdí ẹ̀rọ omi tí ó wà ní ìta. Yóò rẹ aṣọ, yóò fi ọṣẹ ra á, yóò gbo ó lórí pátákó tí ó ní ìlà gbágungbàgun, yóò sè é nínú ìkòkò ńlá, yóò fi ọ̀pá gbé e jáde pẹ̀lú ooru rẹ̀, yóò ṣàn án, yóò tún un ṣàn nínú omi tí a fi búlúù sí, yóò fún un, yóò sì sá a. Bí a bá ṣírò omi tí a fi fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, èyí tí a fi sè é ní ẹ̀ẹ̀kan, àti èyí tí a fi ṣàn án ní ẹ̀ẹ̀kan, ó tó nǹkan bí 50 gálọ́ọ̀nù, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó 400 pọ́n-ùn. Garawa ni wọ́n fi ń gbé gbogbo rẹ̀ wọlé. Garawa kan náà ni wọ́n sì fi ń gbé e lọ dànù nígbà tí ó bá ti dọ̀tí tán. Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, irin gbígbóná ni yóò tún bọ́ sí wọn lọ́wọ́, nítorí aṣọ tí a ti fọ̀ gbọ́dọ̀ di lílọ̀.

Irú iṣẹ́ tí ó ń dá ènìyàn lágara báyìí ni í máa ń mú kí àwọn ọlọ́gbọ́n ronú sí ẹ̀rọ. Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a rí ìwé-ẹ̀tọ́ tí ó kan ẹ̀rọ ìfọṣọ ní ọdún 1691. Ìwé-ẹ̀tọ́ yìí ni èyí tí ìjọba máa ń fún ẹni tí ó bá ronú kan ohun titun, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú rẹ̀ tà láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ fún iye ọdún kan. Ní 1752, ìwé ìròyìn Gentleman's Magazine tí wọ́n ń tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ya àwòrán ẹ̀rọ kan tí àwọn ará Yorkshire ń lò láti fi fọ aṣọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn èyí, ní 1767, Jacob Christian Schäffer tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Jámánì nípa ẹ̀rọ tirẹ̀.

Ẹni tí ó yẹ kí a dúró wò díẹ̀ ni Schäffer yìí. Àlùfáà ni ní ìlú Regensburg, ṣùgbọ́n àlùfáà tí kò lè fi ojú rẹ̀ sí ojú kan ni. Ó kọ ìwé lórí olú tí ń hù nínú igbó, ó kọ òmíràn lórí kòkòrò, ó sì fi onírúurú ewéko àti ìtẹ́ agbọ́n pàápàá dánwò bóyá a lè fi wọ́n ṣe tákàdá. Nígbà tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kọjú sí aṣọ fífọ̀, ohun tí ó gbé kalẹ̀ kò ṣòro lóye: ọpọ́n igi tí ó ní ọmọrí ni, igi gígùn kan gba àárín ọmọrí náà wọ inú rẹ̀, ọwọ́ tí a fi ń yí i wà lókè, ohun tí ń ru aṣọ sì wà ní ìsàlẹ̀ nínú omi. Ẹni tí ń fọ aṣọ yóò máa yí i lọ, yóò sì máa yí i bọ̀. Ohun tí ìka mẹ́wàá ń ṣe ni ó fẹ́ kí igi ṣe.

Henry Sidgier ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Ìwé-ẹ̀tọ́ tirẹ̀ jáde ní 1782. Kì í ṣe igi ìrokà ni ó fi sí inú omi. Àgọ́ kan tí a fi ọ̀pá igi ṣe bí àgbá ni, tí aṣọ wà nínú rẹ̀, tí a sì ń fi ọwọ́ yí gbogbo rẹ̀ po nínú ọpọ́n omi. Bí aṣọ ti ń gòkè ni ó ń já bọ́ padà, omi sì ń gba àárín àwọn ọ̀pá náà wọlé, ó ń gbà á jáde. Ẹni tí ó bá ti rí inú ẹ̀rọ ìfọṣọ òde òní tí a ń ṣí láti iwájú yóò mọ̀ pé ọgbọ́n Sidgier ni ó ṣì wà níbẹ̀, àfi pé irin ni ó dípò igi, tí iná mànàmáná sì dípò apá.

Àwọn ìwé tí a ń kọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa fẹ́ kí ohun gbogbo ní bàbá kan ṣoṣo, kí ọmọ lè há orúkọ àti ọdún rẹ̀ sórí fún ìdánwò. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ pé Alva Fisher ará Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ṣe èyí tí ń lo iná mànàmáná. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé-ẹ̀tọ́ tirẹ̀ jáde ní 1910 nígbà tí ìwé-ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn lórí irú ẹ̀rọ kan náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ti Nathaniel Briggs tilẹ̀ tún yàtọ̀. Òun ni ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí aṣọ fífọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1797, ṣùgbọ́n iná sun ilé tí wọ́n ń kó àwọn ìwé-ẹ̀tọ́ sí ní Washington ní 1836, àpèjúwe ẹ̀rọ rẹ̀ sì bá a lọ. Orúkọ rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ ni ó kù fún wa, kò sí ẹni tí ó lè sọ bí ohun tí ó ṣe ti rí.

Lẹ́yìn Briggs, àwọn tí ń ronú ẹ̀rọ ìfọṣọ ní Amẹ́ríkà pọ̀ bí eṣú. James King gba ìwé-ẹ̀tọ́ ní 1851 lórí ẹ̀rọ onígbá yíyípo tí a ń fi ọwọ́ yí. Hamilton Smith gba tirẹ̀ ní 1858. Nígbà tí yóò fi di 1875, ìwé-ẹ̀tọ́ lórí ohun tí a fi ń fọ aṣọ ti lé ní 2,000 ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn kan ṣe àpótí tí a ń mì bí ibùsùn ọmọ ọwọ́. Àwọn kan so pátákó onílà méjì pọ̀ tí ọ̀kan ń gbo aṣọ lé èkejì lórí. Àwọn obìnrin náà kò gbẹ́yìn: nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá ní Philadelphia ní 1876 láti fi ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira, ẹ̀rọ ìfọṣọ tí Margaret Colvin ṣe wà lára ohun tí a pàtẹ sí ilé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àwọn obìnrin. Pípọ̀ tí ìwé-ẹ̀tọ́ pọ̀ tó báyìí kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ti rí ojútùú. Bí egbòogi kan bá ti wo àìsàn sàn, a kì í tún wá 2,000 mìíràn.

Ìtàn tí a sì máa ń sọ jù nínú gbogbo wọn ni ti William Blackstone, oníṣòwò kan ní ìlú Bluffton ní ìpínlẹ̀ Indiana, tí ó ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ fún ìyàwó rẹ̀ ní 1874 ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Ọpọ́n igi ni. Inú rẹ̀ ni pátákó pẹrẹsẹ kan wà tí èèkàn igi kéékèèké mẹ́fà ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, bí àpótí ìjókòó tí a ń jókòó lé fún wàrà màlúù. Ọwọ́ ẹ̀rọ àti kẹ̀kẹ́ eléyín ni ó ń mú un lọ sọ́tùn-ún sósì, tí àwọn èèkàn náà fi ń gbá aṣọ mú tí wọ́n sì ń fà á nínú omi ọṣẹ. Àwọn aládùúgbò rí i, wọ́n fẹ́ irú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní dọ́là méjì àti ààbọ̀. Inú rere ni ọkùnrin náà fi ṣe é, kò sí iyèméjì. Síbẹ̀ ẹ̀bùn tí a di iṣẹ́ mọ́ nínú ni.

Ó yẹ kí a yẹ ẹ̀rọ wọ̀nyí wò dáadáa kí a lè mọ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọn kò ṣe. Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ó dojú kọ gbogbo àwọn tí ń ṣe wọ́n ni pé bí a bá ń ti aṣọ yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo, yóò lọ́ mọ́ ara rẹ̀ bí okùn, ìdọ̀tí àárín kò sì ní jáde. Nítorí náà ni yíyí rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ máa lọ kí ó sì máa padà. Ní ti àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́, apá ẹni tí ń fọ aṣọ ni ó ń ṣe ìyípadà náà. Nígbà tí ó yá ni wọ́n to kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ po sí ọ̀nà kan, èèkàn inú ọpọ́n yóò máa lọ yóò sì máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ ńlá tí ó wúwo kún un, kí agbára yíyí má baà máa já lójijì. Ọgbọ́n gidi ni èyí, ẹni tí ó bá sì fi ojú yẹpẹrẹ wò ó kò ṣe dáadáa.

Ẹ̀rọ kejì tí ó bá a rìn ni ẹ̀rọ ìfúnṣọ: igi róbótó méjì tí ó sún mọ́ ara wọn, tí a ń ti aṣọ tútù gba àárín wọn, tí a sì ń fi ọwọ́ yí, kí omi lè já bọ́ padà sínú ọpọ́n. Nígbà tí Charles Goodyear ti rí ọ̀nà láti fi imí-ọjọ́ àti ooru mú kí rọ́bà le, tí ó sì gba ìwé-ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1844, ó ṣeé ṣe láti fi rọ́bà bo àwọn igi náà, wọn kò sì tún máa fa aṣọ ya bí ti tẹ́lẹ̀. Bọ́tìnnì a máa fọ́ nínú wọn o, ìka ọmọdé a sì máa há. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, nínú gbogbo ohun tí ó ní ọwọ́ yíyí, ẹ̀rọ ìfúnṣọ ni ó ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ jù. Fífi ọwọ́ fún aṣọ ìtẹ́bùsùn tí ó ti mu omi yó kì í ṣe eré. A máa wó ọrùn-ọwọ́ àgbàlagbà.

Kí ni ó kù? Omi kù. Iná kù. Garawa 400 pọ́n-ùn yẹn kò dín kù pẹ̀lú ẹyọ kan, nítorí ẹ̀rọ náà kò mọ ọ̀nà kànga. Ẹnì kan ni yóò gbé omi gbígbóná dà sínú rẹ̀, ẹnì kan ni yóò sì gbọ́n omi ìdọ̀tí kúrò. Ìpolówó ọjà a máa sọ pé ọmọdé lè yí i, ní ọ̀pọ̀ ilé sì ni ó jẹ́ pé ọmọdé ni wọ́n ń pè láti yí i lóòótọ́. Ohun tí ẹ̀rọ àfọwọ́yí ṣe ni pé ó mú iṣẹ́ kúrò ní ìka, ó gbé e lọ sí èjìká. Àǹfààní wà nínú rẹ̀ fún ìka tí omi ọṣẹ ti bó, ṣùgbọ́n èjìká kan náà ni ó ti pọn omi ní òwúrọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn tí ń kọ ìtàn ẹ̀rọ kì í sábà kọbi ara sí: ta ni ń fọ aṣọ gan-an? Ìdílé tí ó bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ kì í ra ẹ̀rọ, alágbàfọ̀ ni wọ́n ń kó aṣọ fún. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí òwò ẹrú ti dópin níbẹ̀ ní 1865, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ni alágbàfọ̀ wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yàn án láàyò ju iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ lọ, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà: ní ilé ara wọn ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n ń rí ọmọ wọn bí wọ́n ti ń ṣe é, kò sì sí ìyá-ilé kan tí yóò dúró tì wọ́n láti máa pàṣẹ bí ẹni pé ayé ìsìnrú kò tíì kọjá. Ní ìlú Atlanta, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń lọ kó ẹrù aṣọ, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń dá a padà ní fífọ̀ àti lílọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi omi eérú se ọṣẹ, tí wọ́n ń fi èèrí àlìkámà ṣe sítáàṣì tí ń mú aṣọ gan, tí wọ́n sì ń gé àgbá ọtí bíà sí méjì láti fi ṣe ọpọ́n. Owó tí ó ń wọlé fún wọn láti inú gbogbo èyí jẹ́ dọ́là mẹ́rin sí mẹ́jọ lóṣù.

Ní oṣù Keje ọdún 1881, ogún nínú wọn kó ara wọn jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì sọ pé dọ́là kan ni àwọn yóò máa gbà lórí pọ́n-ùn méjìlá aṣọ. Wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé láti pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ti ń ṣe ìpàdé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti di nǹkan bí 3,000. Àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ náà sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹrù aṣọ wà nílẹ̀ ní àwọn ilé kan ní títutù àti ní àìlọ̀.

Ìlú gbìyànjú láti ṣẹ́ wọn lápá. Àwọn ọlọ́pàá mú díẹ̀ nínú àwọn tí ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé wọn. Àwọn onílé halẹ̀ pé àwọn yóò fi kún owó ilé wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú gbé e yẹ̀ wò pé kí alágbàfọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọ ẹgbẹ́ máa san dọ́là 25 lọ́dún gẹ́gẹ́ bí owó láísẹ́ǹsì. Níbí ni ẹ̀rọ sì ti tún wọ inú ọ̀rọ̀ náà: àwọn olówó kan bẹ̀rẹ̀ sí dá owó jọ láti kọ́ ilé ìfọṣọ ńlá tí yóò máa lo agbára ooru omi, wọ́n sì tọ ìgbìmọ̀ ìlú lọ pé kí wọ́n má gba owó-orí lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ti ń polówó láti ọjọ́ yìí pé yóò tu obìnrin lára wá di ohun tí a fẹ́ fi gba oúnjẹ lẹ́nu obìnrin.

Èsì tí àwọn alágbàfọ̀ fọ̀ ni ó fi hàn pé wọ́n mọ iyì iṣẹ́ wọn ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Wọ́n kọ ìwé sí James English, tí í ṣe alákòóso ìlú náà, pé àwọn ṣetán láti san dọ́là 25, àní 50 pàápàá, bí owó náà bá jẹ́ ààbò fún àwọn, kí iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ìlú náà lè wà ní ìkáwọ́ àwọn, kí àwọn sì máa dá iye rẹ̀ fúnra àwọn. Ẹni tí a fẹ́ fi owó láísẹ́ǹsì dẹ́rù bà ni ó sọ pé kí wọ́n gbé láísẹ́ǹsì náà wá. Ìgbìmọ̀ ìlú kò fi òfin náà múlẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún ìpàtẹ òwú ńlá tí àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè yóò wá wò ní ìgbà ìkórè ọdún náà, kò sì wù wọ́n kí ìlú wà nínú aṣọ ìdọ̀tí nígbà tí àlejò bá dé.

Ọdún méje lẹ́yìn èyí, obìnrin aláwọ̀ dúdú mìíràn wọ inú ìtàn yìí láti ẹnu ọ̀nà tí a kò retí. Ellen Eglin ni orúkọ rẹ̀, Washington ni ó ń gbé. Ó ronú kan oríṣi ẹ̀rọ ìfúnṣọ kan. Ní 1888, ó ta gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí rẹ̀ fún aṣojú kan ní dọ́là 18. Ọjà náà tà fún ẹni tí ó rà á. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí tí ó fi tà á ní ọ̀pọ̀, àlàyé tí ó ṣe ni pé bí àwọn ìyá-ilé aláwọ̀ funfun bá gbọ́ pé obìnrin aláwọ̀ dúdú ni ó ni ìwé-ẹ̀tọ́ náà, wọn kò ní ra ẹ̀rọ náà. Àwọn tí aṣọ wọn kò kọ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ ọgbọ́n rẹ̀. Kò sí ìwé-ẹ̀tọ́ kankan lórí ẹ̀rọ náà tí ó jáde ní orúkọ rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ń ka 2,000 àti ju bẹ́ẹ̀ lọ yẹn kò ní bá a pàdé níbẹ̀.

Ẹ̀rọ àfọwọ́yí kò tètè kúrò nílẹ̀. Ní 1907, F. L. Maytag, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe ohun èlò oko ní ìlú Newton ní ìpínlẹ̀ Iowa, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ má baà wà láìníṣẹ́ ní àkókò tí àwọn àgbẹ̀ kì í ra nǹkan. Ọpọ́n igi ni, ọwọ́ ni a fi ń yí i. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Pastime, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí a fi ń gbafẹ́. Ọkùnrin ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ìlú ńlá, omi ẹ̀rọ wọ inú ilé, iná mànàmáná tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ìfọṣọ sì wá rí ohun méjèèjì tí ó ti ń wá láti ayé Schäffer. Ìgbèríko kò rí wọn. Nígbà tí ìjọba Ààrẹ Roosevelt dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1935 láti mú iná dé oko, nǹkan bí ilé oko kan nínú mẹ́wàá péré ni ó ti ní i. Nítorí irú wọn ni Maytag ti fi ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń lo pẹtiróòlù sí abẹ́ ọpọ́n ní nǹkan bí 1915. Páìpù kan máa ń gba ojú fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà kọjá láti gbé èéfín rẹ̀ síta, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Ẹsẹ̀ ni obìnrin tí ó ni ín fi ń tẹ̀ ẹ́ kí ó tó dìde, apá rẹ̀ kò yí ohunkóhun mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó tẹ̀ ẹ́, yóò ti lọ sí kànga pẹ̀lú garawa rẹ̀ ní ìgbà tí ó máa ń lọ tẹ́lẹ̀, yóò sì ti dá iná sí ìdí ìkòkò.